Ẹsẹ̀ Àga Tí O Gé

Ẹ̀yìn Ojú-Irin,
Ìlọrin.
Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kọkànlá, ọdún 1976.

Àmínù, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ tìfẹ́tìfẹ́. Ṣé Husseinat ìyàwó rẹ wà ní àlàáfíà? Ṣé àwọn ọmọ ń ṣe dáadáa, ṣé omi Lọ́kọ́ja sì bá wọn lára mu? Ní ti ìwọ fúnra rẹ, n kò ní béèrè àlàáfíà rẹ lásán bí gbogbo ẹni tó ń kọ lẹ́tà ṣe ń béèrè rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ọrùn rẹ ń yí sọ́tùn-ún sósì láìdún. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìka rẹ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì ń jẹ́ ọ nípè, bóyá o ṣì ń de bọ́tìnnì ara rẹ láàárọ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé o ní ìlera, kí Ọlọ́run má gbà á lọ́wọ́ rẹ.

Tèmi kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ìyá Títílayọ̀ ló ń bá mi de bọ́tìnnì báyìí, ó sì ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé òun kò mọ̀ pé òun á tún tọ́ ọmọ lẹ́yìn tí òun ti jáwọ́ nínú ọmọ bíbí.

Ó di ọdún méjì àti oṣù márùn-ún tí o ti wọ mọ́tò Lọ́kọ́ja láìdágbére fún mi. N kò sọ èyí láti bá ọ wí. Èmi ni mo tì ọ́ dénú mọ́tò náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò sí ní gáréèjì lọ́jọ́ náà. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n ti sọ fún ọ láti ọjọ́ yẹn ni mo jókòó tì báyìí.

Ìwọ tí o máa ń sọ pé ìkọ̀wé mi gún ju ti akọ̀wé kóòtù lọ, wo ohun tó dà. Má rò pé ọmọ iléèwé ló bá mi kọ ọ́. Aṣọ ni mo wé mọ́ bírò kí ó lè tóbi lọ́wọ́ mi, nítorí bí ó bá tín-ín-rín, àtàǹpàkò mi kì í mọ̀ pé òun di nǹkan mú. Ìpínrọ̀ kan tàbí méjì ni mo lè kọ lójúmọ́ kí ọwọ́ tó kú. Láti ọjọ́ kẹjọ oṣù yìí ni mo ti wà lẹ́nu ẹ̀. Ibi tí o bá ti rí i pé ìkọ̀wé náà ń wọ́, ibẹ̀ ló yẹ kí n ti gbé bírò sílẹ̀ tí n kò gbé e sílẹ̀. O kúkú mọ̀ mí, n kì í tètè gbé nǹkan sílẹ̀.

Àárò rẹ ń sọ mí, Àmínù. Kí n tètè sọ ọ́ kí ọwọ́ tó rẹ̀ mí. Lábù wa ní ilé ìwòsàn ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀: òórùn sípíríìtì, fèrèsé tó kọjú sí igi máńgòrò, àwọn ènìyàn tó ń dúró de èsì lórí bẹ́ǹṣì níta. Ohùn kan ni kò sí níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí o wà pẹ̀lú wa, bí a bá ti wo gíláàsì pẹlẹbẹ mẹ́wàá tí a fi ẹ̀jẹ̀ sí tán, wàá gbé orí kúrò lẹ́nu awò amúǹkantóbi, wàá ní, “Bọ̀ọ̀dá Fọlá, mẹ́wàá ti pé o.” Wàá dìde, wàá na apá, wàá lọ dúró lójú fèrèsé, wàá máa wo ṣóńṣó igi máńgòrò bí ẹni pé àfẹ́sọ́nà rẹ ń bọ̀ láti orí ẹ̀. Èmi á ti máa wo ìkọkànlá. Mo máa ń bi ọ́ pé ṣé oko lo wà tí o fi ń na ẹ̀yìn bí ẹni tó ń kọ ebè. Ní báyìí, bí mo bá ti ka mẹ́wàá, mo máa ń dákẹ́ díẹ̀ kí ẹnì kan lè sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́.

Mo rántí ìgbà tí o dé ní ọdún 1969. Èmi ti wà níbẹ̀ fún ọdún kan, láti ìgbà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa sílẹ̀ tí àwa ará Ọ̀mù-Àrán ń wọ́ wá sí Ìlọrin láti ṣiṣẹ́ ìjọba. Mo fi ọdún mẹ́fà jù ọ́ lọ, mo sì jẹ́ kí o mọ̀ ọ́n lójoojúmọ́. Síbẹ̀, ní ọjọ́ Sátidé, àwa méjèèjì la jọ ń lọ ra iṣu ní Ìpàtà. Ìwọ lo máa ń bá mi ná an, nítorí o ní bí mo bá ti lanu báyìí, àwọn oníṣu á mọ̀ pé àlejò ni mí, wọ́n á sì gbówó lé e. N kò ra iṣu tó dára láti ìgbà tí o ti lọ. Ó jọ pé ohùn mi ṣì ń sọ pé àlejò ni mí.

Ọdún 1971 tí onígbáméjì jà ni mo mọ irú ẹni tí o jẹ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni a kò fi gbé ojú kúrò lẹ́nu awò. O lọ mú àpótí ọṣẹ kan, o gbé awò tìrẹ lé e kí ẹnu rẹ̀ lè ga dé ojú rẹ. O ká táwẹ́ẹ̀lì sábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ. O kó gbogbo ohun tí o ń lò sún mọ́ra kí o má baà máa nàgà mú wọn. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ kí òǹkà má baà dà rú mọ́ wa lójú, ìwọ a fi ọwọ́ ọ̀tún tẹ̀ ẹ́ fún gíláàsì márùn-ún, wàá fi òsì tẹ̀ ẹ́ fún márùn-ún. Mo ní, “Àmínù, ṣé ilé lò ń kọ́ síbẹ̀ ni?” O ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ gbé awò wá bá ojú, ẹ má gbé ojú lọ bá awò.” Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. Nígbà tí onígbáméjì lọ, ọrùn rẹ gún, tèmi kò ṣeé yí. Mo ní ó jẹ́ pé iṣẹ́ tèmi ló pọ̀ ju tìrẹ lọ.

Iléyá ni mo tó mọ ibi tí o ti kọ́ ọgbọ́n yìí, nígbà tí o mú mi lọ jẹun ní agboolé yín. Bàbá rẹ, Bàbá Sulaiman, ti fi ogójì ọdún lọ ìlẹ̀kẹ̀ làǹtànà, ìlẹ̀kẹ̀ olókùúta pupa. Mo rí òkúta ìlọ̀lẹ̀kẹ̀ wọn ní ìgun àgbàlá, tí ìlẹ̀kẹ̀ ti gbẹ́ ojú rẹ̀ ní poro-poro. O ní orí rẹ̀ ni wọ́n máa ń tẹ̀ ba lé láti ìdájí títí di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n gbé ọwọ́ sókè láti ṣe àdúà fún wa, mo sì rí i pé àtẹ́lẹwọ́ wọn kò là. Ìka wọn ti ká kò, bí ẹni tó di nǹkan mú tí kò fẹ́ fi sílẹ̀. O rọra sọ fún mi létí pé ọdún kẹjọ rèé tí Bàbá ti la àtẹ́lẹwọ́ gbẹ̀yìn. Nígbà tí o ń sìn mí jáde, o ní ìwọ lo máa ń fi òróró pa ìka wọn nígbà tí o wà ní kékeré, o sì ti búra pé ẹni tí o bá fẹ́ràn kò ní fi irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ darúgbó lójú rẹ. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. N kò mọ̀ pé èmi ni o ń bá wí.

Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Baba Danjuma, ọ̀gá wa, fẹ̀yìn tì. Ìwọ náà rántí bí wọ́n ṣe ga tó, tí wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó wọlé. Wọ́n pe gbogbo wa jọ, wọ́n gbé àga onígi gíga tí wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ síwájú mi, wọ́n ní, “Fọláránmi, ìjókòó mi nìyí. Jókòó sí i.” Àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́. Mo gun àga náà, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì ń fì lókè bí ti ọmọ tí wọ́n gbé sórí tábìlì. Inú mi dùn débi pé n kò ka ti ẹsẹ̀ sí. Ṣùgbọ́n mo rí i pé o wò mí lẹ́sẹ̀.

O mọ̀ bí wọ́n ṣe tọ́ wa. Ọmọ kì í jókòó sórí àga bàbá rẹ̀ tó wà láyé, àfi bí bàbá bá fà á lé e lọ́wọ́. Bí ó bá sì fà á lé e lọ́wọ́, ta ni yóò mú ayùn ti ẹsẹ̀ rẹ̀? Kí n gé àga ọ̀gá mi kúrú nígbà tí wọ́n wà láàyè! Lójú tèmi, ó dà bí ẹni pé mò ń gé ọjọ́ ayé wọn. Nígbà tí o wá yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, tí o fi wọ̀n mí láti ilẹ̀ dé ẹ̀yìn orúnkún, tí o ní, “Bọ̀ọ̀dá mi, orúnkún ni kó sọ bí àga yóò ṣe ga, kì í ṣe ipò,” mo já ìgbálẹ̀ náà gbà lọ́wọ́ rẹ, mo ṣẹ́ ẹ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa yí padà. Ọmọ ló wà lọ́jà, orí àgbà ló ń wọ́, àgbà náà sì ń bínú sí ẹni tó fẹ́ bá a gbé e dúró.

Ọdún méjì ni o fi fara dà á, tí mò ń tẹ̀ ba lé awò láti orí àga gíga yẹn, tí ọrùn àti ọwọ́ ń dùn mí. Lẹ́yìn náà ni ọjọ́ Jímọ̀ yẹn dé, nínú oṣù kẹta ọdún 1974. Obìnrin kan pọn ọmọ wá láti apá Afọ́n, ara ọmọ ń gbóná bí iná. A gba ẹ̀jẹ̀ ní ìka rẹ̀, ó ké títí. Mo mú gíláàsì náà láti gbé e sábẹ́ awò, ó bọ́ lọ́wọ́ mi, ó fọ́. Ìwọ lo tún lọ gún ọmọ náà nígbà kejì, nítorí ojú ń tì mí láti wo ìyá rẹ̀. Mo ní gíláàsì náà ló ń yọ̀. O wo àtàǹpàkò mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè, mo dé lábù, mo rí àga Baba Danjuma. Ó ti kúrú. Ìka mẹ́rin-mẹ́rin ni o gé kúrò ní ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀ọ̀kan lọ́jọ́ Sátidé tí kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. O ti fá ojú ibi tí o gé kí ó má ha ilẹ̀. O wé ègé igi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú ìwé ìròyìn, o kó wọn sínú dúrọ́ọ̀ mi, bí ẹni tó mọ̀ pé wọn kì í ṣe tòun. N kò tilẹ̀ jókòó lé e wò. Mo pariwo débi pé àwọn aláìsàn dìde lórí bẹ́ǹṣì. Mo pè ọ́ ní ọmọ tí kò gbẹ̀kọ́ nílé. Èmi tí mo ti jẹun nílé bàbá rẹ! Ọ̀sán ọjọ́ náà ni mo gbé àga lọ sọ́dọ̀ káfíńtà kan lẹ́bàá Ìpàtà, mo ní kí ó kan ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin padà. Ó fi irin pẹlẹbẹ dè wọ́n. Àga ga padà, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà ló ti ń mì, tí mo sì ní láti máa fún ẹ̀yìn pọ̀ kí n má baà ṣubú. Mo fara dà á. Mo ní kò sóhun tó wọ́n jù fún iyì.

Kò tán síbẹ̀. Mo kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá pé o ba ohun ìní ìjọba jẹ́. Wọ́n fún ọ ní kúẹ́rì. Ìdáhùn rẹ ṣì wà nínú fáìlì, mo lọ kà á lọ́sẹ̀ tó kọjá. Gbólóhùn méjì péré ni: “Mo gé e. Ó ga jù.” Ìwọ tí ọ̀ràn wà lọ́rùn rẹ kọ gbólóhùn méjì, èmi tí mo fẹjọ́ sùn kọ ojú ìwé mẹ́ta. Nínú oṣù kẹfà, wọ́n gbé ọ lọ sí Lọ́kọ́ja.

Iléyá ọdún yẹn bọ́ sí ọjọ́ tó ku ọ̀la kí ó di Kérésì. Wọ́n gbé ẹran wá láti agboolé yín bí ẹ ti máa ń ṣe lọ́dọọdún. Mo ní kí Ìyá Títílayọ̀ dá a padà, ó ní ó ti dá a padà. Lọ́jọ́ Kérésì mo jẹ ẹran, mo sì yìn ín pé ẹran yìí rọ̀, níbo ló ti rà á? Ó ní ní ọjà. Oṣù tó kọjá ló tó jẹ́wọ́ fún mi pé àgbò rẹ ni. Mo ti bínú sí ọ, mo sì ti yó lórí ẹran rẹ, lọ́jọ́ kan náà. Ti ọdún tó tẹ̀ lé e ló dùn mí jù. Mo gbọ́ pé o wá sí Ìlọrin, wọ́n rí ọ ní Yídì. Mo gbé àga síta ilé mi láti ọ̀sán, mò ń ṣe bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn, ojú mi wà lọ́nà. Ẹran dé. Ìwọ kò dé.

Nínú ọdún yìí ni ọwọ́ wá fi mí sílẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn sùn lé apá, ó kàn jẹ́ pé tèmi kì í jí. Dókítà ní kí n di ojú, kí n sọ fún òun bí mo bá ti mọ̀ pé òun fi abẹ́rẹ́ gún àtàǹpàkò mi. Mo dijú, mò ń retí. Nígbà tó pẹ́, mo ní ẹ gún un, dókítà. Ó ní òun ti gún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní iṣan tó gba ọrùn ọwọ́ mi kọjá ti fún pọ̀, egungun ọrùn mi náà sì ti gbó. Ó bi mí bí mo ṣe ń jókòó níbi iṣẹ́. Mo júwe rẹ̀ fún un. Ó ní ká ní mo ti jókòó bó ṣe yẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, tí mo sì ń sinmi ọwọ́ láàárín iṣẹ́, kì bá má ti dé ibi tó dé yìí. Mo ní ẹnì kan ti sọ bẹ́ẹ̀ fún mi. Láti oṣù kìn-ín-ní tó ń bọ̀, wọ́n á gbé mi lọ sí ibi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi wo inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ìlú yìí, tí mo sì ń sọ ohun tó ń ṣe wọ́n. N kò ní wò ó mọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an nìyí. Mo fi í sílẹ̀ di òní nítorí ọwọ́ mi fúyẹ́ díẹ̀ láàárọ̀ yìí. Nínú oṣù tó kọjá, Baba Danjuma wá kí wa láti Láfíàgí. Wọ́n ti darúgbó, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n rí àga. Wọ́n rí irin tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní kí ló ṣe é. Èmi wá gbéra, mò ń fi ìdùnnú ròyìn bí mo ṣe gba àga wọn lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ bà á jẹ́. Wọ́n gbọ́ mi dé òpin. Wọ́n wá fìdí lé bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, “Hábà, Fọláránmi! Èmi ni mo ní kó gé e.”

Mo rò pé ogbó ló ń dà wọ́n láàmú. Wọ́n ní lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ̀yìn tì, wọ́n rí ẹsẹ̀ mi tó ń fì, wọ́n sì pè ọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. “Mo wí fún un pé ọ̀gá rẹ tuntun kúrú, ṣùgbọ́n kò ní fọwọ́ kan àga yẹn láéláé, nítorí èmi ni mo fún un. Mo ní bí o bá rí i pé ó fẹ́ pa á lára, bá mi gé e níwọ̀n rẹ̀. Má sì jẹ́ kó mọ̀ pé èmi ni mo sọ pé ó kúrú, ojú á tì í. Àmáánà ni mo fi í ṣe lọ́wọ́ rẹ, àṣírí láàárín wa.” Wọ́n bi mí pé, “Nígbà tí wọ́n fún un ní kúẹ́rì, kò dárúkọ mi?” Mo ní kò dárúkọ yín, Baba. “Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbé e lọ ńkọ́?” Mo ní kò dárúkọ yín. Wọ́n mi orí títí. Wọ́n ní, “Kai! Àga tí n kò fẹ́ràn rí. Ṣe ni mo bá a níbẹ̀ nígbà tí mo dé. Ó kúrú fún mi.”

Ó kúrú fún wọn, Àmínù. Gíga tí mo fi ọwọ́ àti ọrùn mi ṣọ́, tí mo fi ọ́ ṣọ́, kò tó wọn. Àbámọ̀ ní í gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi kò tilẹ̀ dúró di ẹ̀yìn, ó wọlé wá jókòó tì mí.

Ọjọ́ kejì ni mo lọ bá Bàbá Sulaiman. Mo dọ̀bálẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ mú ọwọ́ wá. Wọ́n fi ìka wọn tó ti ká kò tẹ àtàǹpàkò mi, wọ́n fọwọ́ pa ọrùn ọwọ́ mi, wọ́n ní, “Ọwọ́ onílàǹtànà rèé. Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́ wa?” Ẹ̀rín àti ẹkún jọ gbọ̀n mí. Àwọn ni wọ́n ya aṣọ tí mo wé mọ́ bírò yìí. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wé ohun ìlọ̀lẹ̀kẹ̀ nígbà tí ọwọ́ bá ti ń kú, kí ó má baà nira láti dì mú. Wọ́n kàn wé tiwọn pẹ́ jù ni. Nígbà tí mo jẹ́wọ́ tán, wọ́n ní o kò sọ fún àwọn náà. Wọ́n rò pé ìjọba ló kàn gbé ọ lọ bí ó ṣe ń gbé àwọn ẹlòmíràn. Wọ́n ní, “Ojú mi ń wá a,” wọ́n sì tún un sọ. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé ọwọ́ tí kò là sókè, wọ́n ní kí Ọlọ́hun dárí jì mí. Èmi náà gbé tèmi tí kò là mọ́ sókè, mo ṣe àmín.

Gbọ́ ohun tí mo ti ṣe. Nígbà tí a sún kọ́bọ́ọ̀dù ẹ̀gbẹ́ fèrèsé láti gbálẹ̀, mo rí ìlà pẹ́ńsùlù méjì lára ògiri. O kọ F sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, o kọ A sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Mo ṣẹ́ ìgbálẹ̀ rẹ, àṣé o ti fi ìwọ̀n mi pamọ́ sára ògiri. Ìka méjì ni tìrẹ fi ga ju tèmi lọ. Mo gbé àga padà lọ sọ́dọ̀ káfíńtà yẹn, mo ní kí ó tú irin rẹ̀, kí ó yọ ègé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kúrò, kí ó wá fi pákó tó nípọn ìka méjì sí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó dé ìlà A. Káfíńtà náà wò mí. Ó ní, “Alàgbà, ẹ ní kí n mú un ga, ẹ ní kí n gé e, ẹ tún ní kí n mú un ga. Kí ni àga yìí fi ṣe yín gan-an?” Mo ní òun kọ́ ló ṣẹ̀ mí. Àga náà ti padà sí lábù, kò mì mọ́. Àpótí ọṣẹ rẹ wà lábẹ́ awò. Mo ti ká táwẹ́ẹ̀lì sí ibi tí ìgbọ̀nwọ́ rẹ máa ń wà.

Mo ti kọ̀wé sí àwọn ọ̀gá náà. Lọ́tẹ̀ yìí ojú ìwé kan ni. Mo jẹ́wọ́ pé ẹjọ́ tí mo fi ọ́ sùn kò tọ́, mo sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá ọ padà wá sí ìjókòó tí mò ń dìde kúrò lórí ẹ̀. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní ìwọ fúnra rẹ ni yóò fọwọ́ sí i pé o fẹ́ wá. Bí ìwé náà kò bá padà dé kí ọdún tó parí, ẹlòmíràn ni wọ́n á gbé wá síbẹ̀. Ìwé náà wà nínú àpò lẹ́tà yìí. Bí o bá ya á, n kò ní ẹnu láti bínú. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ ọ́, tọmọtọmọ tàgbàtàgbà, foríjì mí. Bàbá rẹ ń dàgbà, ojú wọn wà lọ́nà. Ojú tèmi náà wà lọ́nà. Ó wù mí kí n gbọ́ ohùn yẹn nínú lábù lẹ́ẹ̀kan sí i kí n tó kó ẹrù mi jáde, kí ẹnì kan sọ pé mẹ́wàá ti pé o. Mo ṣe ìlérí pé màá dìde.

Iléyá ku ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Má fi ẹran rán ẹnikẹ́ni. Ìyá Títílayọ̀ ní òun kò ní gbà á lọ́wọ́ alárinà mọ́, òun kò lè tún máa parọ́ nítorí ẹran. Gbé e wá fúnra rẹ, pẹ̀lú Husseinat àti àwọn ọmọ. Màá gbé àga síta láti àárọ̀, n kò sì ní ṣe bí ẹni tó ń gba atẹ́gùn.

Kí Ọlọ́run pa ọwọ́ rẹ mọ́ fún iṣẹ́ àti fún ìkíni. Kí ọrùn rẹ má wọ́, kí ẹ̀yìn rẹ má tẹ̀. Kí àtẹ́lẹwọ́ rẹ máa là nígbàkígbà tí o bá gbé e sókè láti tọrọ, kí ó má sì padà lófo. Kí odò Lọ́kọ́ja jọ̀wọ́ rẹ fún wa láìfarapa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ kúkúrú tí àárò rẹ ń sọ,
Fọláránmi.

Àfikún: Mo fẹ́ gbàgbé láti sọ èyí. Kí káfíńtà tó fi pákó ìka méjì náà sí i, mo ní kí ó fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Àga náà wà ní ìlà F nígbà náà, gẹ́lẹ́ bí o ṣe gé e sílẹ̀ fún mi. Mo jókòó lé e níbẹ̀, ní etí títì Ìpàtà, láàárín àwọn èérún pákó. Ẹsẹ̀ mi méjèèjì kanlẹ̀.